Ta Ní Ń Gba Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí Lọ sí Òfìkì?

Àwáwù ló ń tọ́jú nẹ́tíwọ̀kì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ ní Ṣakí. Ẹgbẹ́ náà ní ọ́fíìsì ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí àti Òfìkì pẹ̀lú, òpó gíga ló sì ń gbé ọ̀rọ̀ láti ọ̀kan dé èkejì. Ráótà wà ní ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan tó ń tọ́ka ọ̀nà fún ohun tí kọ̀ǹpútà bá rán. Ọwọ́ ni Àwáwù fi máa ń kọ ọ̀nà fún wọn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ìjì da ọ̀nà Ṣakí sí Òfìkì rú, Òfìkì dákẹ́ lọ gbáà, bẹ́ẹ̀ wọ́n ṣì lè gba Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí dé ibẹ̀. Ráótà ni ò mọ̀, torí ẹnìkan ò kọ ọ́ fún un. Ìyẹn ló mú Àwáwù pinnu láti tan OSPF, ètò tó ń jẹ́ kí àwọn ráótà bá ara wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì fúnra wọn yan ọ̀nà.

Lọ́jọ́ Sátidé tí ọ́fíìsì Ṣakí dá, ó tan án. Àwọn ráótà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ ara wọn lójú ẹsẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó bi ráótà Ṣakí pé ibo ni yóò gbà dé Òfìkì. Ó ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí.

Àwáwù la ojú sílẹ̀. Èwo nìyí? Ọ̀nà Ṣakí sí Òfìkì tí ìjì dà rú ṣáà ti ń ṣiṣẹ́ padà. Ó pa ètò náà, ó tún un tàn. Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí náà ni. Ó ka ohun tó kọ látòkè délẹ̀, kò rí àṣìṣe. Ó pe Bàbá Ṣọlá, akọ̀wé wọn ní Òfìkì.

“Ẹ káàárọ̀ sà. Ṣé ẹ ò fọwọ́ kan nǹkan níbẹ̀?”

“Kí ni màá fọwọ́ kàn? Iná ara ráótà ń ṣẹ́jú, èmi náà ń ṣẹ́jú sí i. Kí ló dé?”

“Ráótà tibí ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí lòun máa gbà wá sọ́dọ̀ yín.”

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. “Bóyá ó fẹ́ kí wọn níbẹ̀ ni. Àmọ́ ó ti pẹ́ tí nǹkan yín ti ń wọ́ bí ìgbín bọ̀ lọ́dọ̀ wa o. Mo rò pé bó ṣe ń rí nìyẹn.”

Ọ̀rọ̀ yìí tún da orí Àwáwù rú. Òun mọ̀ pé ètò náà kì í wo jíjìn ọ̀nà, bó ṣe fẹ̀ tó, ìyẹn bí ọ̀rọ̀ ṣe lè yára gbà á tó, ló ń wò. Ṣebí irú kan náà ni gbogbo òpó wọn? Ó wá wo eré tí wáyà tó so ráótà Ṣakí mọ́ òpó tó kọjú sí Òfìkì ń sá: ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí tó yẹ ni. Ó tọ wáyà náà dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Òjò ti ń wọlé sí i lórí, ó ti dípẹtà.

Ó gé orí wáyà náà dànù, ó fi tuntun sí i. Kó tó padà dé ìdí kọ̀ǹpútà, ráótà ti yí ọ̀nà padà: Òfìkì tààrà.

Bàbá Ṣọlá pè. “Ó ti ń yára o! Kí lo ṣe?”

“Wáyà ni, sà.”

“Wáyà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí?”

“Rárá, ti ibí. Ó ti bàjẹ́, òun ló jẹ́ kí ráótà máa gba Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí.”

“Ó ti yé mi,” ni Bàbá wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò jọ ti ẹni tó yé. Àwáwù náà ò bá a jiyàn. Ó jókòó, ó ń wo ráótà tó ti mọ̀ pé wáyà ò yá mọ́ tí kò sì sọ fún un, kò mọ̀ bóyá kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni tàbí kó bínú sí i.