Irun Ara Idà

Ìgbà kan wà tí idà àti asà gba gbogbo ògiri pálọ̀ wa ní Austell lókè òkun. Àwọn erékùṣù ìlà-oòrùn Indonéṣíà ni wọ́n ti wá. Asà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ìkarahun òkun ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọpọ́n ayò. Mo ń fi wọ́n yangàn bí ẹni tó gbà wọ́n lójú ogun, bẹ́ẹ̀ nọ́ọ̀sì lásán ni mí.

Nígbà tí ìyàwó mi bímọ, ìyá mi wá láti Ìjẹ̀bú láti bá wa wẹ ọmọ. Kò pẹ́ tó fi rí irun dúdú gígùn tí wọ́n so mọ́ èèkù idà kan. Kò pariwo. Ó wẹ ọmọ tán, ó gbé e fún ìyàwó mi, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù rẹ̀. Ó ní òun ò lè sùn nínú ilé tí irun òkú wà. Mo fẹ́ jiyàn, àmọ́ èmi gan-an ò mọ irun ohun tó jẹ́. N kò béèrè nígbà tí mo rà á. Ìyàwó mi, tó ṣì ń rọra rìn, wò mí. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Mo wa mọ́tò gbé ìyá mi lọ sí ìlú Conyers, sọ́dọ̀ bàbá àgbàlagbà ọmọ erékùṣù Alor ní Indonéṣíà tó ta idà náà fún mi. Ìyá mi ní kí n gbé àpótí òun sí búùtù, pé bó bá jẹ́ irun èèyàn, ọ̀nà pápákọ̀ òfúrufú ló kàn.

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní irun ewúrẹ́ ni, pé idà náà wà lára ẹrù ìdána tí bàbá òun fi fẹ́ ìyá òun. Ó gbé e lé ìyá mi lọ́wọ́. Ìyá mi, tó ti ń wi ewúrẹ́ láti kékeré, fi ìka tẹ irun náà wò, ó tún un tẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀.

"Ewúrẹ́ ni lóòótọ́," ló wí. "Bá mi bi Daddy, ìdána ìyá wọn, kí ló dé tí wọ́n fi tà á?"

Bàbá náà ní àwọn ọmọ òun ò fẹ́ ẹ nínú ilé wọn. Ìyá mi yíjú sí mi.

"Ìwọ ò gbọdọ̀ tà á o."

Ó dúró tì wá títí ọmọ fi jókòó. Mo máa ń fi ìtàn náà pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín báyìí. Àmọ́ lọ́nà Conyers lọ́jọ́ yẹn, pẹ̀lú àpótí nínú búùtù, n kò mọ èyí tí ǹ bá mú nínú idà àti ìyá mi. Ọpẹ́ ni pé ẹnikẹ́ni ò bi mí.