Òrí Ọwọ́ Mi àti Ẹsẹ̀ Mọ́tò Mẹ́rin

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi ríìmù ẹsẹ̀ mọ́tò mẹ́rin lé mi lọ́wọ́ ní Ṣakí kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé. Àsìkò ọyẹ́ ni. Ọ̀gá tó ń kọ́ mi ní iṣẹ́ ọ̀dà mọ́tò, tí mo fi ọjọ́ orí jù lọ, sọ fún mi pé: "Ìyá Ràfíù, tí ọ̀dà bá lè mú ríìmù tẹ́ ẹ fẹ́ tọ́jú yìí, ẹ ti di ọ̀gá lónìí nìyẹn."

Mo fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, mo fi sáńpépà ha ìpẹtà wọn kúrò, mo sì fi tínà, omi tó ń mú òróró kúrò, nù wọ́n. Tínà mú ọwọ́ mi gbẹ, ni mo bá fi òrí pa á. Inú mi dùn débi pé mo ń fọwọ́ pa ríìmù lára bí ọmọ tuntun.

Ọ̀gá po ọ̀dà tán, ó ṣan ọwọ́, ó sì gbọn omi rẹ̀ dànù. Omi náà ta sára ríìmù, ó ń yí gbirigbiri bí omi orí ewé kókò. Ọ̀gá ti gbé ẹ̀rọ ìfọ́nọ̀dà sókè!

Mo figbe ta: "Ẹ dúró! Òrí ọwọ́ mi ti kàn án, ọ̀dà kò ní mú!"

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Áà! Ẹ ní irú ohùn yìí, ẹ wá fi pamọ́ látọjọ́ yìí?"

Mo fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù bọ ọwọ́, mo tún fi tínà nu gbogbo wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, omi tí mo fi dán wọn wò tẹ́ sára wọn pẹrẹsẹ. Nígbà tí omi gbẹ, ọ̀gá fọ́n ọ̀dà sí wọn; ọ̀dà mú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n ń dán gbinrin.

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe èmi náà ní ọ̀gá. Igbe kan ṣoṣo ni mo ké kí n tó di ọ̀gá.