Ọjọ́ Tí Mo Pe Ọkọ Mi Nínú Igbó Faransé

Ẹni tó bá ń gbé ní Chicago tó sì ń fọ́nnu pé òun mọ kẹ̀kẹ́ gùn, ẹ bi í léèrè pé níbo ló ti rí òkè. Ìlú wa tẹ́jú bí ẹní. Láti ilé wa ní South Shore, bí mo bá ti bọ́ sí ọ̀nà etí ọ̀sà, mo lè wa kẹ̀kẹ́ mi dé àárín ìlú láì dìde lórí ìjókòó. Òkè kan ṣoṣo tí a ní ni afárá tó gba orí ọ̀nà mọ́tò kọjá, ìyẹn náà ò sì ga tó nǹkan. Afẹ́fẹ́ là ń bá jà ní tiwa. Bí ó bá kọjú sí ọ lọ́jọ́ kan, wàá máa yí ẹsẹ̀ títí, ojú kan náà lo ṣì máa wà.

Dókítà ló kó wa sínú ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́. Ó sọ fún ọkọ mi pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru, kó máa lo ara. Ọkọ mi, tó ti ń jókòó sí ọ́fíìsì láti ogún ọdún, lọ ra kẹ̀kẹ́ méjì lọ́jọ́ kan náà, ọ̀kan fún òun, ọ̀kan fún èmi tí ẹ̀jẹ̀ mi ò ṣe nǹkan kan. Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo mọ ohun tí kẹ̀kẹ́ ń fojú ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún rí, nítorí ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé wọn wá. Ẹ̀rù ti ń bà mí kí n tó fẹsẹ̀ kan ti kẹ̀kẹ́ yẹn. Mo gùn ún ṣá, nítorí n kò lè jẹ́ kó máa dá lọ.

A ti gùn ún tó ọdún mẹ́ta nígbà tí ọmọ wa obìnrin, tó ń gbé ní Skokie, gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá bá wa lọ́jọ́ Àìkú kan. Ìgbéyàwó wa fẹ́ pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, ó sì fẹ́ fi ìrìn àjò ta wá lọ́rẹ: ọjọ́ márùn-ún lórí kẹ̀kẹ́ ní ìgbèríko Faransé, láti ilé àlejò kan sí òmíràn.

"Mummy, ẹ wò ó, it's so quiet," ó ní, ó ń fi àwòrán hàn mí. "Kò sí truck, kò sí traffic. Just trees àti àwọn small villages."

"Kí wá ni ti òkè tí mò ń wò yìí?"

"Those are just rolling hills, Mummy. Wọn ò ga."

Bàbá rẹ̀ ti fa kọ̀ǹpútà náà sọ́dọ̀. "Twenty-two miles a day. Ìyẹn ò tó nǹkan. Ṣebí thirty là ń ṣe every Saturday."

Máìlì la kà. Àwa ará ilẹ̀ títẹ́jú, kò sẹ́ni tó rò ó pé ó yẹ ká wo bí ọ̀nà náà ṣe gùnkè tó, bẹ́ẹ̀ ó wà nínú ìwé atọ́nà náà gbangba. Ojú ewé tí wọ́n ti yàwòrán òkè ni ọkọ mi fi wé búrẹ́dì lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ débẹ̀.

N kò ní purọ́, ibẹ̀ rẹwà. Ọ̀nà tóóró kan ló ń gba inú igbó lọ, igi fi ẹ̀ka kọ́ra lókè, a sì lè rìn fún wákàtí kan kí a má rí mọ́tò kan. Màlúù á dúró létí ọgbà, á máa wò wá bí ẹni tó mọ̀ pé a ti ṣìnà. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni kò jẹ́ kí ara mi balẹ̀. Ní South Shore, rélùwéè ń kọjá, áńbúláǹsì ń ké, aládùúgbò ń lu orin rẹ̀. Bí nǹkan kan bá ṣe ọ́, ẹnì kan á gbọ́. Nínú igbó yìí, mo lè gbọ́ ewé tó ń já bọ́.

Gígun òkè pa mí lẹ́kún, ṣùgbọ́n kò dẹ́rù bà mí. Sísọ̀ ni mo ń bẹ̀rù. Ẹni tó kọ́ kẹ̀kẹ́ lórí ilẹ̀ títẹ́jú ò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ bíréèkì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Èmi á dì í mú títí ìka mi á fi kú, ọkọ mi ní tiẹ̀ á jọ̀wọ́ rẹ̀ pátápátá, á máa rẹ́rìn-ín lọ bí ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Ní ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn tí a kírun Àyìlà lórí aṣọ òjò wa létí ọ̀nà, a dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tí mo wò tí mo fi bọ́ sílẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ewé ọ̀rinrin bo ilẹ̀. N kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

"Dádì, ẹ jẹ́ ká fẹsẹ̀ rìn ín," mo bẹ ọkọ mi.

"Ìwọ máa rìn bọ̀, take your time. There's a small bridge nísàlẹ̀, I'll wait for you there."

Ó lọ. Mo ń gbọ́ ìró táyà rẹ̀ lórí ewé títí n kò fi gbọ́ ọ mọ́.

Ó tó ààbọ̀ wákàtí kí n tó fi ẹsẹ̀ rìn dé afárá náà. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Omi kékeré kan ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀, òun nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Mo yọ fóònù, kò gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo kọ́kọ́ bínú. Mo ní ó ti sáré lọ wá kọfí. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tí mo fẹ́. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ alẹ́, inú mọ́tò níwájú ọsibítù ló ti ń dúró dè mí láàárọ̀, yìnyín ìbáà bo mọ́tò náà. Bí ó bá ní òun á dúró, á dúró. Ìgbà yẹn ni àyà mi já.

Mo gbé kẹ̀kẹ́ ti afárá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè padà. Mò ń ka Àyátúlì Kúrísíyù, mo ń ṣì í kà, mo ń tún un bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo dé kọ́nà kejì, mo rí ohun tí mo ti gbà kọjá tí n kò wò: ibi tí ọ̀nà ti yà sọ́tùn-ún, ipa táyà kan ò yà. Ó ya ewé sọ́nà méjì, ó wọ inú igbó lọ tààrà. Nísàlẹ̀, igi àti koríko gíga ni gbogbo ohun tí mo rí.

Iṣẹ́ mi ló wá sí mi lọ́kàn. Ẹni tó bá forí gbá nǹkan, tí ọkàn rẹ̀ ń lọ, a kì í fi oyè tàbí ìnagijẹ pè é. Orúkọ tí wọ́n bí i sí la fi ń pè é, òun ló ń tètè jí i. Mo ti kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké bẹ́ẹ̀ àìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n obìnrin tó wà nílé ọkọ ni mí, n kò pe orúkọ ọkọ mi rí. "Ẹ gbọ́ mi" ni mò ń pè é kí a tó bímọ, nígbà tí a bímọ ó di Dádì. Mo di igi kan mú, mo lanu, mo pè é lórúkọ.

Ohùn tó jáde kì í ṣe tèmi. Ó ha, ó sì gbọ̀n, igbó sì gbé e káàkiri kó tó dá a padà fún mi. Mo pè é lẹ́ẹ̀kejì. Mo pè é lẹ́ẹ̀kẹta.

Kò sí ìdáhùn.

Mo ti rí ikú púpọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, mo rò pé a ti mọra. Irọ́ ni. Òtútù mú mi láti àtẹ́lẹsẹ̀. Mo ń ro bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ọmọ wa. Mo ń ro ta ni yóò bá mi wẹ̀ ẹ́ ní ìlú yìí, níbo ni wọ́n ń sin Mùsùlùmí sí. Mo jókòó sínú ewé tútù, mo sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, n kò tilẹ̀ sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́: "Dádì, ẹ má ṣe mí báyìí. Ẹ jọ̀ọ́."

"Mọ́mì? Ìwọ nìyẹn?"

Ìdí ni mo fi wọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó wà lẹ́yìn igi tó ti wó, kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Egungun èjìká rẹ̀ ti ṣẹ́, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ṣùgbọ́n akoto rẹ̀ ló là, orí rẹ̀ ò là. Mo yẹ ojú rẹ̀ wò, mo yẹ ọrùn rẹ̀ wò, mo fi ìborùn mi gbé ọwọ́ rẹ̀ kọ́. Mo gòkè lọ dúró sójú ọ̀nà títí bàbá àgbẹ̀ kan fi gbé katakata rẹ̀ dé. Ọwọ́ ni mo fi ṣàlàyé fún un, ó sì yára lọ pe àwọn tó máa gbé wa.

Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ ọkọ mi ni ìbínú tó dé.

"Ẹ ò gbọ́ bí mo ṣe ń pè yín ni?"

"Mo gbọ́."

"Ẹ gbọ́, ẹ wá dákẹ́! Mo ti sọ ara mi di opó lókè níbẹ̀!"

Ó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ìwọ kì í pe orúkọ mi. Ohùn yẹn ò sì jọ tìẹ. Màmá mi kọ́ wa pé bí wọ́n bá pe èèyàn lórúkọ nínú igbó, tí kò rí ẹni tó pè é, kó má jẹ́. Ta ló mọ orúkọ mi níbí? I'm serious. Mo rò pé ikú ni."

Mo jókòó tì í.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pè mí," ó ní. "Ó wù mí kí n dáhùn, nítorí ó ń dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n mo ní bí mo bá jẹ́, tó bá mú mi lọ, ìwọ á dé ìdí afárá, o ò ní bá ẹnì kankan. Mo wá ki ewé bọ ẹnu mi, mo gé e jẹ."

Mo fi ìka nu ẹnu rẹ̀. Ewé ṣì wà láàárín eyín rẹ̀.