Àmì Orí Ọkọ̀

Olùkọ́ tó kọ́ mi níṣẹ́ ìkànnì ayélujára ní Ìkòtún kórìíra ohunkóhun tó bá rọrùn. Yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù oògùn ló ti ń kọ́ wa, ó sì gbà pé ẹni tí kò bá lè fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ kóòdù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó kàn ń fi kọ̀ǹpútà ṣeré ni. Èmi kì í bá a jiyàn. Tí mo bá ti délé, màá ṣí sọ́fúwìà tèmi, èyí tí èèyàn fi ń wọ́ àwòrán síbí, tó ń wọ́ ọ̀rọ̀ sọ́hùn-ún, tí kò ní fojú kan kóòdù rárá. Ọ̀lẹ ni mí nígbà náà, n kò sì tijú rẹ̀.

Sọ́fúwìà kẹta kan wà láàárín tèmi àti tirẹ̀. Ó máa ń pín ojú kọ̀ǹpútà sí méjì: kóòdù lókè, ojú ewé bó ṣe máa rí gan-an nísàlẹ̀. Mo gbà á láti fi dán an wò fún oṣù kan. Kóòdù òkè yẹn ń dà mí láàmú bí ẹni tó ń wo èèyàn lẹ́nu nídìí oúnjẹ, ni mo bá pa á tì.

Àsìkò yẹn ni àbúrò ìyá mi fẹ́ dá ilé-ẹ̀kọ́ ọkọ̀ wíwà sílẹ̀ ní Akówọnjọ, fún obìnrin nìkan. Ó ti pẹ́ tó ti ń wa ọkọ̀, ó sì ní sùúrù. Ọkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, ni kò tíì fọwọ́ sí i. Ó ní àwọn ará àdúgbò á máa sọ pé ìyàwó òun ń kọ́ ìyàwó oníyàwó láti fi ilé ọkọ sílẹ̀. Àǹtí bẹ̀ ẹ́ títí, ọkọ rẹ̀ wá ní òun á kọ́kọ́ ka ohun tó fẹ́ gbé sórí ayélujára. Bí kò bá tẹ́ òun lọ́rùn, kó gbàgbé ilé-ẹ̀kọ́. Bí Àǹtí ṣe wá bá mi nìyẹn, tó ní, "Ọmọ mi, ọwọ́ ẹ ni mo wà o."

N kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn bàbá yẹn. Ní gbogbo ọjọ́ Sunday, Àǹtí ló ń fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn ni òun sì máa ń jókòó sí, Bíbélì lórí itan, bí ọ̀gá tí dírẹ́bà ń gbé. Mo pè é ní ìgbéraga.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe ojú ewé náà. Mo kọ ọ́ gàdàgbà sókè pé: Ẹ̀yin obìnrin, ẹ wá kọ́ ọkọ̀ lọ́dọ̀ wa. Sọ́fúwìà mi mọ á, ó mọ ì, ó tilẹ̀ mọ ẹ àti ọ. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tó bá ní àmì nísàlẹ̀ tó tún gbé òmíràn sórí, àpótí òfìfo kékeré ló ń fà tì í. N kò sì ríbi wọlé lọ tún un ṣe, torí kò ní kóòdù tó ń fi han èèyàn. Mo ní, ta ló tiẹ̀ ń ka àmì? Mo pa àwọn àpótí náà rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́sàn-án Sunday, mo gbé kọ̀ǹpútà lọ sí pálọ̀ wọn. Mo ti gbàgbé pé bàbá yìí ló ń ka ẹ̀kọ́ Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì, pé ohun tó bá wà lójú ìwé gan-an ló ń kà. Ó wọ awò, ó sì kà á sókè:

"Ẹyin obìnrin, ẹ wá kọ ọkọ lọdọ wa."

Ó bọ́ awò rẹ̀. "Ẹyin tí adìyẹ ń yé?" ló bi mí. "Ọkọ ta sì ni wọ́n fẹ́ kọ̀?" Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun tí òun sọ pé aráyé máa sọ gan-an rèé, èmi ni mo wá bá wọn kọ ọ́ sílẹ̀.

Àǹtí kò wò mí. Ó kó àwo ẹ̀pà níwájú wa, ó wọ kíṣìnì lọ. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ká ní ó bú mi ni, ara ì bá tù mí. Mo bẹ bàbá fún ọ̀sẹ̀ kan péré, ó sì gbà.

Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Mo rántí sọ́fúwìà tí mo pa tì. Olùkọ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa kó tó sọ fún mi pé àmì ohùn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú kóòdù. Mo tẹ nọ́ńbà kan sẹ́yìn lẹ́tà lókè, mo wo ìsàlẹ̀: kọ́. Mo tẹ èkejì: ọkọ̀. Ọkọ tí wọ́n fẹ́ kọ̀ ti di mọ́tò. Àmọ́ ìsàlẹ̀ yẹn kan náà ló tún fi hàn mí pé irú lẹ́tà ológe tí mo yàn láti fi kọ ọ́ ń ti àmì lẹ́tà kan sórí òmíràn, ni mo bá pààrọ̀ rẹ̀. Kóòdù nìkan kì bá tí fi ìyẹn hàn mí. Àtọjọ́ náà ni n kò ti lo sọ́fúwìà tó fi ojú kan ṣoṣo hàn mí mọ́.

Ní Sunday kejì, bàbá kà á lẹ́ẹ̀mejì. Àǹtí dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ọwọ́ rẹ̀ tutù fún omi.

"Obìnrin nìkan?" bàbá bi mí.

Mo ní bí Àǹtí ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ó bọ́ awò rẹ̀, ó ń nù ú, bẹ́ẹ̀ kò dọ̀tí.

"Ẹni tó ti dàgbà ńkọ́, tí kò kọ́ ọ rí?"

Ojú tì mí fún gbogbo ohun tí mo ti rò nípa ìjókòó ẹ̀yìn yẹn. Bàbá kò mọ ọkọ̀ wà ni. Mo fi "àti ẹ̀yin ọkùnrin" kún kóòdù lókè, ó sì yọ nísàlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀.

Àǹtí nu ọwọ́ sára ìró, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ka iwájú ọkọ rẹ̀.

"Iwájú lẹ máa jókòó sí lọ́la, Dádì," ó ní.