Orin Tí Mo Fà Gùn

Mo rántí ìgbà tí Faransé ṣì ń jọba lórí wa, tí èmi àti àbúrò mi obìnrin jọ ń nà sórí ẹní kan lọ́sàn-án, bí a bá ti oko Tatonnonkon dé. Bí mo bá gbé orí lé àyà rẹ̀, mo máa ń gbọ́ ìró kan tó ń hùn láìdákẹ́, bí epo tó ń hó jẹ́ẹ́jẹ́ lórí iná. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àyà ṣe ń dún. Mo fẹ́ràn ìró náà, òun ló máa ń mú mi sùn lọ.

Ó máa ń tètè rẹ àbúrò mi. Tí a bá ru omi, ó di dandan kó sọ ìkòkò kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ká tó délé. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo ní ọ̀lẹ ń bá a jà. Ẹnu mi mú ju orí mi lọ nígbà náà.

Nígbà tó yá, ó rí ọkọ ní Massè. Ní ilé ọkọ rẹ̀ yìí, kí wọ́n tó dá ọjọ́ ìyàwó, ọmọge gbọ́dọ̀ lọ bá ìyá ọkọ rẹ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn nínú kòtò epo. Orin ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, ẹni tó bá sì jáde kí orin tó parí, ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é. Àbúrò mi fẹ́ràn ọmọkùnrin náà gan-an, ẹ̀rù sì ń bà á kí wọ́n má lọ dá a padà. Èmi ni mo dá orin lọ́jọ́ náà. Nígbà tó yẹ kí n parí rẹ̀, mo rí i tí àwọn àna ń wò wá, mo ní ojú ò ní ti ilé wa, mo bá fa orin náà gùn. Mo tún fà á. Àbúrò mi ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ń wò mí, ṣùgbọ́n kò jáde. Àfi gbàmù, ó ṣubú sínú epo.

Ilé ìwòsàn Adja-Ouèrè ni a gbé e lọ. Dókítà gbọ́ àyà rẹ̀ títí, ó ní ó jọ pé ẹ̀jẹ̀ ń gba ọ̀nà tí kò yẹ nínú ọkàn rẹ̀, òun ò ní oògùn rẹ̀, kó má ṣe iṣẹ́ agbára mọ́. Àbúrò mi bú sẹ́kún pé ta ló máa fẹ́ ẹni tí kò lè tẹ ẹyìn. Èmi náà sunkún, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ohun tí mo ṣe.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí epo ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ló dá a lóhùn.

"Ṣé ẹsẹ̀ ni mo wá fẹ́ fún ọmọ mi ni? Ìwọ máa jókòó létí kòtò, máa bá wa gbọ́n epo. Àwa tẹ́sẹ̀ wa le á máa tẹ̀ ẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ìyàwó Massè, tó bímọ, tó sì rí ọmọ ọmọ.

Orí wa ti funfun kí ẹ̀rọ kan ní Kútọnu tó ya àwòrán ọkàn rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀kan nínú àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ẹran ọkàn fúnra rẹ̀ ló ṣìnà, tó lọ já sínú yàrá ọkàn, àti pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i, òun ló sì ń mú àyà rẹ̀ hùn láti kékeré. Nígbà tí a padà délé, mo jẹ́wọ́ fún un pé mo mọ̀ọ́mọ̀ fa orin ọjọ́ náà gùn. Ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀. Ṣé n ò mọ ibi tí orin yẹn ń parí sí ni? Ohùn yín ló dùn mọ́ mi, n ò fẹ́ kó tíì tán."

Mo gbé orí lé e láyà, bíi ti ìgbà èwe wa. Ọkàn náà ṣì ń hùn. Kò tíì sinmi lọ́jọ́ kan rí, òun tí mo pè lọ́lẹ.