Ìrọ̀lẹ́ Tí Múfú Kò Jẹ́ Ìpè

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo wà ní pálọ̀ Sàfúrá ní àdúgbò Basin nígbà tí obìnrin kan níta bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọmọ rẹ̀ kó wọlé. Wọ́n ti pe ìrun Màgàríbì, ilẹ̀ ti ń ṣú. Ó pe ọmọ náà, kò dáhùn. Ó tún pè é. Sàfúrá ń ka ìwé tuntun tó ń kọ sí mi létí. Ó dá ìwé kíkà dúró, ó di etí tábìlì mú títí ohùn kékeré kan fi dáhùn láti ẹ̀yìn ilé kejì pé òun ń bọ̀. Ìwé àwọn ọmọdé ló ń kọ, púpọ̀ nínú àwọn olùkọ́ Ìlọrin ló sì mọ orúkọ rẹ̀. Díẹ̀ ni àwa tó mọ ìdí tó fi máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nírú àsìkò yẹn.

Agboolé kan náà ní Gàmbàrí ni wọ́n ti tọ́ wa. Ilé amọ̀ ni gbogbo rẹ̀, wọ́n fara ti ara wọn yí àgbàlá ńlá kan ká, yàrá baba àgbà tó ti kú sì wà ní igun, òrùlé rẹ̀ ń jò, ẹnikẹ́ni kò gbé ibẹ̀ mọ́. Bí a bá ti ilé kéú àti iléèwé dé, tí a jẹun tán, Sàfúrá á tẹ́ ẹní, a ó sì rọ̀gbà yí i ká. Kì í pa àlọ́ ìjàpá. Ó ní ìjàpá ti sú òun, nítorí gbogbo ayé ló mọ̀ pé kò ní í kú. Tirẹ̀ ló máa ń hun fúnra rẹ̀, kì í sì í fi ẹ̀rù ṣahun. Lẹ́yìn àlọ́ rẹ̀, mẹ́ta-mẹ́ta la máa ń lọ tọ̀, ẹni tó bá kẹ́yìn á máa sáré.

Àwọn àgbà ti kìlọ̀ fún wa tẹ́lẹ̀ pé bí wọ́n bá pe èèyàn nírọ̀lẹ́, tí kò rí ẹni tó ń pè é, kó má jẹ́. Sàfúrá wá fi tirẹ̀ kún un. Ó ní àlùjànnú kan wà tí kò ní ohùn, ohùn ẹni tó o fẹ́ràn jù ló máa ń yá láti fi pè ọ́. Bó o bá dáhùn, o ti di tirẹ̀. Múfú, àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún márùn-ún, gbọ́ ọ, kò ṣẹ́jú.

Lọ́jọ́ kejì, òjò bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ìrun Àlàsárì. Nígbà tí ìyá wọn gbé oúnjẹ sílẹ̀, a kò rí Múfú. Àgbàrá ẹ̀yìn ilé ti mu àgbàlagbà dé orúnkún. Ìyá pè é títí ohùn rẹ̀ fi há. Bàbá pè é, gbogbo agboolé pè é. Àwọn ọkùnrin gbé àtùpà tẹ̀ lé àgbàrá lọ. Ẹnì kan mú bàtà ọmọdé kan bọ̀, Ìyá sì jókòó sínú ẹrẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà la mọ̀ pé bàtà ọmọ ilé mìíràn ni.

Sàfúrá kò bá wọn pè é. Abẹ́ ọ̀ọ̀dẹ̀ ló dúró sí, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó rọra sọ fún mi pé, "Ó lè máa gbọ́ wa o. Èmi ni mo ní kó má dáhùn."

Ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó bọ́ sáàárín àgbàlá nínú òjò, ó ké pé, "Ààlọ́ o." Ìyá àgbà kan pòṣé, ó ní ṣé orí ọmọ yìí ti yí ni. Bàbá gbọ́wọ́ sókè láti gbá a létí. Ó tún ké e.

Láti inú yàrá baba àgbà, ohùn tínńtín kan dáhùn pé, "Ààlọ̀." Kò sí ọmọ agboolé wa tó lè gbọ́ ìyẹn kó dákẹ́.

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ ni Bàbá ti fà á jáde. A kò tíì fi aṣọ wé e tán tí ògiri ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà fi wó lulẹ̀. Amọ̀ tí omi ti mu kì í pariwo bó bá ń wó. Àfi bí ìgbà tí ẹni tó sanra bá jókòó.

Múfú ń wa mọ́tò ní Ọ̀fà Garage báyìí. Mo bi í léèrè rí pé kí ló dé tí kò dáhùn, ó ní: "Mo gbọ́ gbogbo yín. Mo gbọ́ Ìyá tó ń sunkún. Mo ní wàláhì, àlùjànnú yìí mà mọ ohùn Ìyá mi lò o."

Wọn kò na Sàfúrá. Bàbá kàn sọ pé, "O ti rí ohun tí àlọ́ lè ṣe." Sàfúrá kò sì pa àlọ́ mọ́ títí ó fi di olùkọ́.

Búlọ́ọ̀kù ni agboolé wa lónìí, olúkúlùkù ló ní géètì tirẹ̀, fóònù ni ọ̀pọ̀ ìyá fi ń wá ọmọ. Ṣùgbọ́n ọmọdé ṣì ń gba ohun tí a bá sọ fún un gbọ́, tọkàntọkàn. Nítorí náà, kí Sàfúrá tó gbé ìwé kan jáde, á kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ sí fàráńdà, á kà á fún wọn, á máa wo ojú wọn. Bílẹ̀ bá ṣú, á tẹ ìyá wọn láago: ṣé wọ́n jẹun, ṣé wọ́n sùn?

Lọ́jọ́ tí mo wà níbẹ̀ yẹn, ó fi ojú ìwé kan hàn mí, níbi tí ọmọbìnrin kan ti tẹ̀ lé iná wọ inú odò. Ìyá ọmọ kan tó gbọ́ ọ ní fàráńdà ti pè é pé ọmọ òun kò jẹ́ wẹ̀ mọ́. Mo sọ fún un pé n kò tíì ka ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

"Mo mọ̀ pé ó dùn," ó ní. "Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù." Ó sì fa ojú ìwé náà ya.