Ẹ̀rọ Tí Bàbá Mi Fi Ọṣẹ Wẹ̀

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan lọ wo ẹ̀rọ tí màá fi máa fẹ́ táyà nínú gáréèjì mi ní àdúgbò Fate. Òórùn rọ́bà tuntun àti ọ́ìlì gbígbóná tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà rán mi létí ọ̀sán kan tí bàbá mi mú mi lọ ra irú rẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé wa ni bàbá mi ti máa ń fi òòlù tún ara mọ́tò ṣe.

Ọlọ́jà tan ẹ̀rọ kan. Nígbà tí táǹkì rẹ̀ kún fún afẹ́fẹ́, ó pa á. Bàbá mi po ọṣẹ mọ́ omi nínú ife, wọ́n sì ń fi pa ìdí páìpù rẹ̀.

Ọlọ́jà bú sẹ́rìn-ín. "Àfáà, ṣé jánábà wà lọ́rùn ẹ̀ ni, tí ẹ fi ń wẹ̀ ẹ́ kó tó lè kírun?"

Bàbá mi ṣáà ń pa ọṣẹ lọ. Ọṣẹ hó níbì kan: afẹ́fẹ́ ń jò níbẹ̀.

Ó yà mí lẹ́nu. "Bàbá, ó ti ń súfèé tipẹ́. Ẹ ò gbọ́ ni?"

Wọ́n tẹjú mọ́ ẹnu mi, wọ́n ní kí n tún un sọ.

Ariwo òòlù ti ba etí wọn jẹ́, wọn ò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni nílé.

Wọ́n fà mí lọ́wọ́ lọ sídìí ẹ̀rọ kejì.

"Ó yá," ni wọ́n wí jẹ́jẹ́, "bá mi fetí sí eléyìí."